Ṣíbí Mẹ́ta fún Ọmọ Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta

"Gbé orí rẹ̀ sókè díẹ̀ sí i," ni ẹ̀gbọ́n Tíṣà wí láti orí ibùsùn. "Má jẹ́ kó ká jọ."

Tíṣà gbé ọmọ náà lé èjìká, ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú lẹ́yìn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Kò pẹ́ rárá tí wàrà fi tú jáde lẹ́nu ọmọ náà, tó gbóná, tó sì ṣàn wọ inú aṣọ Tíṣà. Aṣọ kẹta nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Ọ̀gá ti tún dá a padà," ni Tíṣà wí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì yára di ikùn mú, nítorí ojú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi gbé ọmọ náà jáde kò tíì jinná.

Tíṣà kọ́ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè é bẹ́ẹ̀ láti kékeré, nítorí pé bí àgbàlagbà bá ń kàwé, yóò dúró tì í, yóò máa bá a tún un ṣe. Ní báyìí, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ìdánwò àṣekágbá sì ku ọjọ́ mẹ́rin péré. Ìyá wọn ti kú. Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ó sì lè lo ọ̀sẹ̀ kan lójú ọ̀nà. Àwọn obìnrin méjì yìí nìkan ló ń tọ́jú Ọ̀gá, bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ náà, nínú yàrá méjì tí ẹ̀rọ ìránṣọ àti òkìtì aṣọ àwọn oníbàárà gba ìdajì ọ̀kan nínú wọn.

Nọ́ọ̀sì ti sọ fún wọn pé, lẹ́yìn tí ọmọ bá mu ọmú tán, kí wọ́n gbé e dúró ṣánṣán fún nǹkan bí ìdajì wákàtí kí wọ́n tó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ìyá ọmọ kò lè jókòó pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ Tíṣà ni gbogbo rẹ̀ bọ́ sí. Lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́, ó di wákàtí márùn-ún, ìwé sì wà nílẹ̀ tí kò rí kà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ìyá ọmọ fún Ọ̀gá lọ́mú, ó sì sùn lọ. Àwọn ọmọ kíláàsì Tíṣà fẹ́ pàdé ní aago mẹ́rin láti jọ ṣe ìṣirò. Aago mẹ́ta ààbọ̀ ti lù. Bó ṣe ń gbé ọmọ rìn síwá sẹ́yìn lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin onídìrí tó ń gbé yàrá tó kàn tiwọn rí i.

"Ọmọ yìí ṣì ń pọ ọmú ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Kò dúró nínú rẹ̀ rárá."

"Ohun tó fúyẹ́ ló ń gòkè. Ẹ fún un ní nǹkan tó wúwo. Bísíkítì ni mo máa ń rẹ fún tèmi, wọ́n á sì sùn fọnfọn."

Obìnrin náà kò ní èrò ibi. Tíṣà sì mọ̀ dájú pé nọ́ọ̀sì ti ní ọmú nìkan, kò gbọdọ̀ sí omi tàbí ohunkóhun mìíràn fún oṣù mẹ́fà. Ó dúró, ó wo aago, ó wo ẹnu ọmọ. Lẹ́yìn náà, ó lọ fọ́ bísíkítì méjì sínú abọ́, ó da omi gbígbóná sí i, ó rò ó títí tó fi ki, tí àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ti ilẹ̀.

Ọ̀gá gbé ṣíbí àkọ́kọ́ mì. Ó yínmú sí ìkejì. Ṣíbí kẹta ló há a lọ́fun.

Ọmọ náà la ẹnu, igbe kò sì jáde. Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Tíṣà dà á dojú bolẹ̀ sórí apá rẹ̀, ó rẹ orí rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń gbá a láàárín èjìká méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́ẹ̀kẹrin. Nǹkan kan já bọ́ sílẹ̀. Igbe sọ.

"Kí ló ṣe é?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè pẹ̀lú oorun lójú.

"Ó kàn ta jí ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ máa sùn."

Ó fọ abọ́, ó nu ilẹ̀, ó tẹ́ ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀, ó sì lọ. Ó jókòó láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń wo ìṣirò, kò sì rí nǹkan kan níbẹ̀.

Nígbà tó padà dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sí etí ibùsùn, omijé ń bọ́. Ọ̀gá kò gba ọmú mọ́. Ikùn rẹ̀ le. Ó ti bì sórí aṣọ funfun, ohun tó bì sì ní àwọ̀ ilẹ̀.

"Wàrà mi ló ń ṣe é," ni obìnrin náà wí. "Ara mi ni kò dá." Ó gbé bàsíà sórí ẹsẹ̀, ó ń fún wàrà rẹ̀ dànù, ó ń fi eyín di ètè mú nítorí ìrora.

Tíṣà ló gba bàsíà náà, tó sì lọ dà á nù. Ó fọ̀ ọ́, ó sì gbé e padà fún un.

Ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, wọ́n dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tẹ́ aṣọ funfun tí wọ́n mú wá sójú fèrèsé, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Ẹ̀jẹ̀ tó ti pẹ́ nínú ikùn lè ní àwọ̀ báyìí," ló wí. "A máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n lè ti ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ imú rẹ̀, kò sì ní í mu ọmú títí wọ́n á fi rí ìdí rẹ̀. Ìyá ọmọ, ṣé ẹ fún un ní nǹkan mìíràn?"

"Rárá, mà. Ọmú nìkan. Ẹ bi àbúrò mi."

Àwọn méjèèjì wo Tíṣà. Nọ́ọ̀sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà.

"Bísíkítì ni," ni Tíṣà wí. Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa, ó sì tún un sọ. "Mo fún un ní bísíkítì, ṣíbí mẹ́ta. Ó há a lọ́fun. Èmi ni, kì í ṣe wàrà wọn."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò gbá a létí. Ó kàn nawọ́, ó gba àpò ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé e kọ́ èjìká ara rẹ̀. "Láti àná ni mo ti ń fún wàrà ọmọ mi dànù," ló wí. "Ìwọ lo sì ń bá mi dà á nù."

Nọ́ọ̀sì fi lẹ́tà náà sílẹ̀, ó sì pe dókítà. Dókítà tẹ ikùn ọmọ, ó fetí sí àyà rẹ̀ pẹ́. Ó ní kí wọ́n máa ṣọ́ ọ níbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó di ọ̀sán, Ọ̀gá yàgbẹ́, ó tọ̀, ó sì ń wá ọmú kiri.

Nọ́ọ̀sì jókòó tì wọ́n bó ṣe ń mu ún. "Orí ọmú nìkan ló ń fà, afẹ́fẹ́ sì ń bá a wọlé. Ẹ jẹ́ kó ya ẹnu gbàgà kó tó gbà á. Wàrà yín sì ń yára ju bó ṣe lè gbé e mì lọ. Ẹ fẹ̀yìn tì díẹ̀, kí òun wà lókè. Tó bá mu ún dé àárín, ẹ gbé e dìde kó gùfẹ̀."

"Kò wá ní í pọ ọmú mọ́?" ni ìyá ọmọ béèrè.

"Yóò ṣì máa pọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Tó bá ń tọ̀ dáadáa, tó sì ń wúwo sí i, aṣọ yín ló ń jìyà, kì í ṣe òun. Àmọ́ bí ohun tó ń bì bá ní àwọ̀ ewé tàbí ẹ̀jẹ̀, tàbí tó bá ń fò jáde, tàbí tí kò gba ọmú mọ́, ẹ má dúró rárá." Ó wá yíjú sí Tíṣà. "Àṣìṣe rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á lánàá. Ìdákẹ́ rẹ ti ń gbé e lọ síbi tí kò yẹ kó dé lónìí."

Tíṣà ṣe ìdánwò rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Ó yege, àmọ́ kò ṣe dáadáa tó bó ti rò. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò fi Ọ̀gá nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ nínú yàrá. Bó bá fẹ́ lọ wẹ̀, yóò gbé ọmọ náà dání lọ. Tíṣà ń fọ aṣọ, ó ń sè, kò bínú.

Ó lọ bá onídìrí pẹ̀lú. Kò bá a jà. Ó kàn sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Obìnrin náà fi ìyarun sílẹ̀, ó sì jókòó.

"Ọmọ mi kejì," ló wí níkẹyìn, "bẹ́ẹ̀ ló ṣe há a lọ́fun. Orí ló yọ ọ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Tíṣà lára ju ìbáwí nọ́ọ̀sì lọ. Ká ní obìnrin náà ti sọ ọ́, bóyá ṣíbí kankan kì bá ti wọ ẹnu Ọ̀gá. Nígbà náà ló yé e pé ẹni tó bá fi àṣìṣe rẹ̀ pa mọ́ nítorí ìtìjú ń fi ẹlòmíràn sílẹ̀ láti ṣe irú rẹ̀, ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ ló sì máa ń jìyà rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ ìnura léjìká.

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tán ni," ló wí. "Gbà á."

Tíṣà gbà á, ó gbé e dúró ṣánṣán, kò sì wo aago.