Wọ́n Dì Mọ́ Onésimo

"Jókòó, Brynn! Ṣé èèrà wà lórí àga yẹn ni?"

Bàbá àgbà mi, Orrin, ò tilẹ̀ gbójú kúrò nínú ìwé tó ń kọ eré sí. Pẹ́ńsùlù rẹ̀ ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: bọ́ọ̀lù kan, àmì kan.

Ta ló fẹ́ jókòó? Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni, oòrùn ń mú ganrínganrín, ìpín keje eré ti bẹ̀rẹ̀, èmi sì ń pa fóònù mi, mo tún ń ṣí i. Ẹgbẹ́ béésíbọ́ọ̀lù ìlú wa, tí à ń pè ní Kọ̀ǹkọ̀, kì í ṣe ẹgbẹ́ ńlá. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá ọ̀nà dé ẹgbẹ́ ńlá ló ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Èmi ni mo ń kọ nípa wọn lórí ìkànnì mi: ta lọwọ́ rẹ̀ le, ta ló máa gòkè. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn ló ń kà á. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, orí mi sì ti ń wú.

Ẹnìkan ṣoṣo tí kì í jẹ́ kí n gbádùn ni Ọ̀gbẹ́ni Denton, tó ń tún katakata ṣe. Òun náà ní ìkànnì tirẹ̀, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ gbọ́ gbogbo nǹkan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló kọ ọ́ sí mi pé, "Ọmọ kékeré, ìròyìn tí o gbé wá yìí ti di ọbẹ̀ àná." Ó dùn mí wọ egungun.

Nínú àwọn tó wà lọ́dọ̀ wa lọ́dún yìí, Onésimo ni mo fẹ́ràn jù. Ajùbọ́ọ̀lù ni, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, láti Baní ní orílẹ̀-èdè Olómìnira Dominika. Ilé wa ló ń gbé, torí àwọn ìdílé ìlú wa ló máa ń gba àwọn ọmọ wọ̀nyí sílé lásìkò eré. Mọ́mì mi ń se ìrẹsì fún un, èmi ń pè é ní Bọ̀ọ̀dá.

Ìgbà yẹn ni mo rí olùkọ́ni wọn tó fọwọ́ kàn án léjìká níbi tí àwọn eléré jókòó sí. Ó sọ nǹkan sí i létí. Onésimo fi ìbọ̀wọ́ bo ojú. Làwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dì mọ́ ọn, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Gbogbo ẹni tó bá ń tẹ̀lé eré yìí ló mọ̀ pé bí wọ́n bá dì mọ́ eléré láàárín eré, wọ́n ti pè é sókè sí ẹgbẹ́ ńlá nìyẹn.

"Bàbá àgbà! Onésimo ti gòkè!"

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ẹ ò rí wọn ni? Wọ́n ń dì mọ́ ọn!"

"Ìdìmọ́ra ni mo rí, mi ò rí òkè kankan. Ṣebí ilé wa lọmọ ń sùn? Dúró kó wálé, kí o bi í. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Mo gbọ́ ọ. Àmọ́ Denton ti dìde níwájú wa, ó ń sá lọ sídìí ọgbà wáyà, fóònù lọ́wọ́. Ara mi ò gbà á mọ́. Mo tẹ̀ ẹ́: "ONÉSIMO TI GÒKÈ! Ilé wa ló ń gbé, ó dá mi lójú." Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló mú kí gbogbo ayé gbà mí gbọ́.

Kí eré tó parí, wọ́n ti pín in káàkiri. Denton ò kọ nǹkan kan. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ta ló wá jẹ ọbẹ̀ àná lónìí?"

Ní nǹkan bí aago márùn-ún, Onésimo wọlé, yìnyín wà lára ìgúnpá rẹ̀. Ó jókòó sídìí tábìlì wa.

"Iṣan inú ìgúnpá mi ti já," ló wí. "Wọ́n yà á wò lọ́jọ́ Ẹtì, èsì rẹ̀ ni olùkọ́ni sọ sí mi létí lónìí. Iṣẹ́ abẹ ni. Ó di ọdún tó ń bọ̀ kí n tó tún ju bọ́ọ̀lù."

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, mo ti..."

Fóònù rẹ̀ dún. Ìyá rẹ̀ ni, lórí fídíò, ojú rẹ̀ kún gbogbo ojú fóònù náà. Àwọn aládùúgbò ń lu ìkòkò lẹ́yìn rẹ̀. Èdè Sípáníìṣì wọn tí mo kọ́ nílé ìwé tó láti gbọ́ ohun tó ń sọ.

"Ọmọ mi! Àbúrò rẹ ti ka ohun tí ọmọ ilé yẹn kọ! Mo ti bọ́ aṣọ iṣẹ́ mi sórí tábìlì ọ̀gá. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi fọ aṣọ òtẹ́ẹ̀lì yẹn. Ó tó gẹ́ẹ́!"

Onésimo wò mí. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

"Brynn, jókòó tì mí. Ìwọ lo gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, o máa wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń gbà á padà."

Mo jókòó. Mo rí bí ẹ̀rín ṣe ń kúrò lójú ìyá náà díẹ̀díẹ̀. Ìlù ìkòkò dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló bi í pé, "Apá ọ̀hún ńkọ́? Ṣé ó ń dùn ẹ́ púpọ̀?" Kò mẹ́nu ba iṣẹ́ tirẹ̀ rárá. Ibẹ̀ ni mo ti bú sẹ́kún.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá náà padà lọ bẹ ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀.

Denton náà kọ̀wé sí mi, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Èmi náà rí ohun tí o rí. Mo sá lọ béèrè. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí ọmọ náà fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ìyá rẹ̀. Mo dákẹ́."

Mo pa èyí tí mo kọ rẹ́, mo kọ òmíràn: "Ìdìmọ́ra ni mo rí. Mi ò béèrè. Mo purọ́ pé ó dá mi lójú. Ẹ má bínú, Onésimo. Ẹ má bínú, Màmá."

Lọ́jọ́ tí Onésimo ń lọ fún iṣẹ́ abẹ, ó gbá mi lórí pẹ́lú fìlà rẹ̀. "Tí mo bá gòkè lóòótọ́ ńkọ́?"

"Màmá á kọ́kọ́ gbọ́," ni mo dáhùn.

Ẹyin lohùn. Tèmi bọ́ lọ́wọ́ mi ní ìlú wa, ilé onílé ló fọ́ sí. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tí ojú bá rí, ẹ jẹ́ kí ẹnu béèrè rẹ̀ kí ìka tó tẹ̀ ẹ́. Mo ṣì ń lọ wo Kọ̀ǹkọ̀, mi ò sì tíì mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dì mọ́ ẹnikẹ́ni báyìí, mo máa ń sá lọ sídìí ọgbà lọ béèrè, fóònù mi á sì wà nínú àpò.