Aṣèrédíò Tó Fàáké Kọ́rí

Òòlù ni ọmọbìnrin kan kọ́kọ́ rí kó tó rí ẹni tó mú un dání. Òòlù náà ti wà lókè, ó fẹ́ balẹ̀ sí àyà rédíógíráàmù àtijọ́ kan, rédíò onípákó ńlá tó ń lo àwo orin, tí wọ́n dá dùbúlẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Ni ọmọbìnrin náà bá sọ àpò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ láàárín títì, ó fi igbe bọnu.

"Má dán an wò!"

Ọwọ́ káfíńtà dúró lókè. Ọkùnrin gíga ni, eruku pákó kún irùngbọ̀n rẹ̀, ojú rẹ̀ sì tutù bíi ti ẹni tí kò bá ènìyàn jà rí. Ó wo ọmọbìnrin tó ń fi ìbínú bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó wo aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tí lẹ́ẹ̀dì, irin yíyọ́ tí wọ́n fi ń lẹ wáyà, ti jó níhò káàkiri, ó wo irun rẹ̀ tó fi wáyà pupa so. Ó gbàgbé pé òun mú òòlù dání.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo fi ṣe yín? A ò tíì mọra, ẹ ti ń bá mi jà."

"Ìjà ò tíì bẹ̀rẹ̀. Kí ni nǹkan yìí ṣe yín tí ẹ fi fẹ́ pa á?"

Káfíńtà ṣàlàyé. Ìyá òun ló ni ín. Rédíò náà ti yadi tipẹ́, ìyá sì ti ní kí òun kó ìfun rẹ̀ dànù, kí òun sọ ọ́ di kọ́bọ́ọ̀dù tí wọn yóò máa to àwo sí.

"Pákó rẹ̀ nìkan ni mo nílò," ó ní. "Pàǹtírí ló kù níbẹ̀."

"Pàǹtírí!" Ọmọbìnrin náà ti kúnlẹ̀, ó ti ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Inú eruku ni ampilifáyà rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè, jókòó sí: pẹpẹ irin kan tó wúwo, tíránsífọ́mà lórí rẹ̀, àti àwọn fáàfù, ìyẹn àwọn gílóòbù onígíláàsì tí rédíò ayé àtijọ́ fi ń sọ̀rọ̀. "Wọn ò ṣe irú èyí mọ́. Ẹ kó pàǹtírí yín fún mi, kí ẹ máa gbé pákó yín lọ."

"Tí mo bá kó o fún yín, ṣé mo lè máa wá wò ó?"

"Ampilifáyà ni àbí èmi?"

Káfíńtà kàn rẹ́rìn-ín. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí kúkú mọ èwo ló fẹ́ wò.

Ìyàwó Wáyà ni àdúgbò ń pe ọmọbìnrin náà. Àwọn kan fi ń bá a ṣeré, àwọn kan fi ń bú u, nítorí lójú tiwọn ó ti yẹ kó ti wà nílé ọkọ tipẹ́tipẹ́. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe rédíò. Nígbà tí ojú bàbá kò ríran dáadáa mọ́, ó jókòó sórí àga bàbá, kò sì dìde. Gbogbo ọkùnrin tó ti wá bá a sọ̀rọ̀ ìfẹ́ ló ń parí ọ̀rọ̀ wọn síbì kan náà, pé kó fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Ọ̀nà ìta ló máa ń fi hàn wọ́n.

Káfíńtà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, tó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, á gbé ìṣó àti òòlù, á wá sí ṣọ́ọ̀bù ọmọbìnrin náà.

"Tábìlì yín ń mì."

"Kò mì."

"Á mì lọ́la. Ẹ jẹ́ kí n tètè mójú tó o."

Á jókòó, á máa wò ó bó ṣe ń jó àwọn kàpásítọ̀, àwọn agolo kéékèèké tó ń tọ́jú iná pamọ́, tó ti gbẹ kúrò, tó ń fi tuntun rọ́pò wọn. Ọmọbìnrin náà kọ́ ọ pé èèyàn lè ti yọ wáyà kúrò lára ògiri kí iná ṣì wà ní ìkòkọ̀ nínú ampilifáyà, tó ń dúró de ọwọ́ òmùgọ̀. Ìdí nìyí tí òun fi máa ń ki ọwọ́ kan bọ àpò tí òun bá ń yẹ̀ ẹ́ wò, kí iná má bàa ti ọwọ́ kan gba àyà bọ́ sí ìkejì.

"Ọwọ́ kejì ńkọ́?" káfíńtà béèrè. "Ṣé kò sẹ́ni tó ń bá yín dì í mú?"

"Ẹ wo ẹnu!" Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gba ojú rẹ̀.

Inúure ló kó bá wọn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, aṣèrédíò jáde lọ ra kàpásítọ̀, ó fi káfíńtà sí ṣọ́ọ̀bù. Káfíńtà wo àwọn fáàfù tó wà lórí tábìlì, àánú wọn ṣe é. Ó mú àkísà àti sípíríìtì, ó nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe máa ń nu àga kí oníbàárà tó wá gbé e, ó sì tò wọ́n kalẹ̀, wọ́n ń dán gbinrin. Nígbà tí aṣèrédíò dé, ẹnu rẹ̀ kò lè padé.

"Níbo ni nọ́ńbà ara wọn wà?"

"Nọ́ńbà kẹ̀? Ìdọ̀tí funfun kan wà lára wọn, mo ti nù ún kúrò."

"Ìdọ̀tí funfun yẹn ló ń sọ ihò tí kálukú máa wọ̀! Tí mo bá ṣì í kì bọ̀ ọ́, gbogbo rẹ̀ á jóná!" Omi lé ròrò sí i lójú. "Ẹ máa lọ sílé."

Kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kejì, káfíńtà ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Mi ò mọ bí mo ṣe lè tún un ṣe," ó ní, "ṣùgbọ́n mi ò lè jókòó sílé."

Aṣèrédíò wò ó títí. "Bàbá mi ní tó bá parẹ́, kì í parẹ́ tán. Ẹ sún mọ́bí." Ó gbé fáàfù kan sókè síbi fèrèsé. "Ẹ mí sí i. Jẹ́jẹ́."

Káfíńtà mí sí i. Gíláàsì náà ṣú, nọ́ńbà sì yọ fírífírí láàárín èémí, ó tún pòórá.

"Mo rí i!"

"Ẹ dákẹ́, kí n kọ ọ́."

Bí wọ́n ṣe ń mí sí wọn nìyẹn, orí sún mọ́ orí. Nígbà tí wọ́n dé orí èyí tó kẹ́yìn, kò sẹ́ni tó ń wo gíláàsì mọ́.

"Èyí ti hàn tipẹ́," aṣèrédíò sọ.

"Mo mọ̀. Mo ṣì ń mí sí i ni." Ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

"Látorí tábìlì tó ń mì ni mo ti mọ̀. Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ, anùdọ̀tí."

Ọjọ́ náà ni 'ẹ' ti kúrò láàárín wọn. Ampilifáyà náà sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ nípọn, ó sì lọ́wọ́ọ́rọ́. Káfíńtà kan àpótí tuntun fún un, ó lu ihò sí i kí ooru lè máa ráyè jáde, aṣèrédíò sì so fóònù rẹ̀ mọ́ ọn. Orin ń dún ní ṣọ́ọ̀bù látàárọ̀ dalẹ́.

Ó wá ku ìyá káfíńtà. Ìyá gbà wọ́n tọ̀yàyàtọ̀yàyà nínú pálọ̀ rẹ̀ tí kò ní eruku kankan. Rédíógíráàmù ti di kọ́bọ́ọ̀dù lóòótọ́, àwo sì tò sínú rẹ̀ nígún régé. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan iṣẹ́ ni nǹkan yí padà.

"Mi ò ní kí ẹ má fẹ́ra yín," ìyá ní. "Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó o bá wọ ilé ọmọ mi, ìta ni wàá fi iṣẹ́ iná yẹn sí."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀."

"Kí ló le níbẹ̀? Télọ̀ lèmi náà kí n tó délé ọkọ. Tí mo bá rán aṣọ, wọ́n á wá wò ó láti òdìkejì ìlú. Ìyá ọkọ mi ní kí n ta máṣíìnì mi, mo tà á. Ṣé mo kú?"

"Ẹ ò kú, mà. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń dùn yín."

Ìyá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé o gbọ́ ohun tó sọ sí mi?"

Àwọn àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù ni káfíńtà ń wò. Aṣèrédíò dúró dè é, dúró dè é, ó wá gbé àpò rẹ̀, ó kí ìyá pé ó dàbọ̀, ó jáde. Ìta ni káfíńtà ti lé e bá.

"Olólùfẹ́ mi, dúró. Ẹ̀rù wọn ló bà mí."

"Ẹ̀rù wọn ba èmi náà. Mo ṣì sọ̀rọ̀." Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ débi tó ń dùn mí. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa bá ọ fi ẹnu tèmi sọ tìrẹ. Má wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́ àfi tó o bá ti lo tìrẹ."

Ó sunkún délé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bọ́jú, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn olófòófó ti pé jọ sí ọ̀ọ́kán, wọ́n ń sọ pé wọ́n ti kọ Ìyàwó Wáyà. Ó yí ohùn ampilifáyà sókè débi tó lè dé. Ẹni tó bá fẹ́ ṣòfófó láàárọ̀ ọjọ́ náà, àfi kó máa pariwo rẹ̀.

Káfíńtà ní tirẹ̀ kò rójú ṣiṣẹ́. Ó gé ẹsẹ̀ àga, ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú. Ó sọ ayùn sílẹ̀, ó lọ bá ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń nu àwo.

"Màámi, mo fẹ́ fẹ́ ẹ. Kò ní fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Mi ò ní bẹ̀ ẹ́ kó fi sílẹ̀, mi ò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi dandan mú un."

"Ọmọbìnrin yẹn ló fún ọ lẹ́nu."

"Ẹ̀yin lẹ fún mi, mo kàn pẹ́ kí n tó lò ó ni. Kọ́ọ̀tù la máa lọ. Mo fẹ́ kí ẹ wà níbẹ̀. Tí ẹ ò bá wá, á dùn mí gan-an, a ó sì ṣe é."

"Kúrò níwájú mi."

Ó kúrò. Ṣọ́ọ̀bù aṣèrédíò ló gbà lọ tààrà.

"Mo ti sọ ọ́."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní kí n kúrò níwájú àwọn."

Aṣèrédíò fà á mọ́ra, ó gbé orí rẹ̀ lé èjìká. "Jókòó, ọkọ mi," ó ní. Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ti ìyá, ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀, ṣùgbọ́n àwo kan náà ló ń nù títí oúnjẹ fi tutù níwájú rẹ̀. Ó sunkún. Kì í ṣe ọmọ rẹ̀ ló ń sunkún sí, máṣíìnì rẹ̀ ni. Inú sì tún ń bí i, nítorí ọmọ àná tó ń jó lẹ́ẹ̀dì ló wá rí ohun tó ti fi pa mọ́ látọjọ́ yìí.

Ọjọ́ ìgbéyàwó dé. Kọ́ọ̀tù náà kéré, fáànù rẹ̀ ń ké. Bàbá aṣèrédíò di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú wọlé. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, tí ìyá káfíńtà wọlé, tó sì jókòó sẹ́yìn pátápátá. Kò kí ẹnikẹ́ni. Káfíńtà fẹ́ dìde, ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ kàn án pé kó jókòó.

"Iṣẹ́ ọkọ?" akọ̀wé béèrè.

"Káfíńtà."

Akọ̀wé wo ìyàwó fìrí, ó ti ń kọ nǹkan lọ. "Ìyàwó, iṣẹ́ ilé ni kí n kọ, àbí?"

Ọkọ lanu, ìyàwó lanu. Ohùn kan ti ẹ̀yìn gba ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu.

"Aṣèrédíò ni! Pa èyí tó o kọ yẹn rẹ́."

"Ta ni yín, mà?"

"Ìyá ọkọ rẹ̀ ni mí." Ó ti dìde, ó ń bọ̀ níwájú. "Kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, kí n fojú mi rí i."

Akọ̀wé pa á rẹ́, ó tún un kọ. Ìyá dúró lórí rẹ̀, ó ń wò ó, kò sì jókòó títí tó fi kọ ọ́ tán.