Òye Tí Ó Padà Dé

Adóyepadà ni Ọládèjọ sọ ẹ̀rọ tó ṣe. Kò tóbi ju fìlà lọ. Bí a bá dé e sórí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, yóò wá ibi tí ìran asán ti ń yọjú nínú ọpọlọ, yóò sì pa á bí ẹni pa fìtílà. Nínú ayé pupa tó wà lójú sánmà, tí àwọn ọmọ Yorùbá ṣí lọ nígbà tí òkun gba etíkun mọ́ wọn lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó ṣe irú rẹ̀ rí.

Kì í ṣe òkìkí ló ń wá. Àwẹ̀ró, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló ń rò. Òrùlé gíláàsì tó bo àdúgbò wọn ló fọ́, tí afẹ́fẹ́ sá jáde, tí Títílọpẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí Àwẹ̀ró bí, sì kú. Látìgbà náà ló ti ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀, tí ó ń di irun fún ẹni tí ẹlòmíràn kò rí, tí ó ń bá a rẹ́rìn-ín.

Bàbá Láríndé, àgbà ìlú tó ti kọ́ Ọládèjọ ní ìmọ̀ àwọn onírònú Yúróòpù, wá bá a níbi iṣẹ́.

"Dèjọ, fi obìnrin yẹn sílẹ̀. Ó ń jẹun, ó ń sùn, kò na ẹnikẹ́ni. Kí lo fẹ́ wò sàn?"

"Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé ẹni tó bá ń wá òtítọ́, kó kọ́kọ́ ti wèrè sẹ́yìn ìlẹ̀kùn."

"O ò dúró gbọ́ èyí tó kù. Àwọn onírònú tó dé lẹ́yìn ní, látọjọ́ tí ọlọ́gbọ́n ti ti ìlẹ̀kùn ọ̀hún, kò gbọ́ ohun tí wèrè ń sọ mọ́. Ǹjẹ́ o ti jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ rí, kí o bi í ní ohun tó ń rí?"

Ọládèjọ padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Bó bá ti rí ọwọ́ Àwẹ̀ró tó ń lọ tó ń bọ̀ lójú òfìfo, ṣe ló máa ń sá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó gbé ẹ̀rọ náà lọ bá Àwẹ̀ró.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n tọ́jú yín."

"Kò ní dun Títí?"

"Kò ní dùn ún."

Ó dé e sí i lórí, ẹ̀rọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Lójijì Àwẹ̀ró figbe ta, "Títí, dì mí mú!" Ó na apá méjèèjì, ó di nǹkan mọ́ra, ó ń jà kí wọ́n má gbà á. Díẹ̀díẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ tú. Ó gbójú sókè wo àbúrò rẹ̀.

"Títílọpẹ́ ti kú, àbí?"

"Ó ti kú, ẹ̀gbọ́n mi."

Ọládèjọ sún mọ́ ọn kó lè gbá a mú. Àwẹ̀ró kò sunkún. Ẹ̀rù ba Ọládèjọ, ó fa àwòrán ọmọ náà yọ. Àwẹ̀ró wò ó títí.

"Ọmọ yìí mà lẹ́wà o. Òun nìyí?"

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n?"

"Bí o bá ní èmi ni mo bí i, ó bọ́gbọ́n mu. Mo gbà. Ṣùgbọ́n n ò mọ̀ ọ́n."

Ibì kan náà ni ìran asán ọ̀hún àti ojú ọmọ náà jọ ń gbé nínú ọpọlọ ìyá. Ẹ̀rọ kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀; ó ti pa méjèèjì.

Ọládèjọ ṣubú lulẹ̀, ó ń sunkún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fọwọ́ lé e léjìká, bí ẹni tó ń tu àlejò nínú.

"Pẹ̀lẹ́. Ẹkún kì í jí òkú." Ó dìde. "Wá bá mi kó ẹrù ọmọdé tó kún yàrá mi jáde. Kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́."

Ọládèjọ bá a kó o. Àwẹ̀ró ń yára, kò wo ohun tó ń gbé. Àbúrò rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà kékeré kan lọ́wọ́, kò sì lè gbé e sílẹ̀.