Ọmú Ewúrẹ́ Nínú Ìgò Aránṣọ

Irun dúdú kan ló kọ́kọ́ tú àṣírí náà. Obìnrin onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó ń bójú tó ẹ̀rọ ẹ́síréè ní láàbù fi ẹ̀mú fà á jáde lára ẹran inú ìgò kékeré kan. Ó wò ó dáadáa. Kì í ṣe irun ènìyàn. Ó gbé ìgò náà símú, òórùn ewúrẹ́ gbá a nímú. Bẹ́ẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sára ìgò náà pé ọmú obìnrin aránṣọ kan ni wọ́n ti gé ẹran inú rẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí ara ti ń fu ú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tan ẹ́síréè tín-ín-rín sí ẹran ọmú tí wọ́n bá gé wá fún àyẹ̀wò. Ìtànṣán náà á fọ́n ká lára àwọn fọ́nrán inú ẹran, á sì ya òrùka sójú kọ̀ǹpútà. Bí ara bá le, fọ́nrán a tò bí òwú aṣọ tuntun, òrùka a mú kedere. Bí jẹjẹrẹ bá ti wọ ibẹ̀, fọ́nrán a tú bí àkísà, òrùka a sì ṣá. Ṣùgbọ́n kò sí ìgò kan láti kílíníìkì Dókítà Ẹlẹ́rìn-ín tí òrùka rẹ̀ ṣá rí. Ti aránṣọ pàápàá mú kedere, bẹ́ẹ̀ kókó inú ọmú rẹ̀ ń tóbi sí i. Ẹlẹ́rìn-ín ti sọ fún aránṣọ náà pé, "Ó mọ́ tónítóní. Ẹ lọ fọkàn balẹ̀."

Onímọ̀ náà pe ọ̀gá ọlọ́pàá lórí fóònù.

"Màdáámù, ọmú ewúrẹ́ ni Dókítà Ẹlẹ́rìn-ín ń kó ránṣẹ́ sí wa."

"Ti àwọn obìnrin ńkọ́?"

"Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi bi í nìyẹn."

Ọ̀gá ọlọ́pàá, obìnrin tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò, mú aránṣọ dání kó lè fi dókítà náà hàn wọ́n. Nígbà tí wọ́n dé kílíníìkì, tíì orí tábìlì ṣì ń rú èéfín. Nọ́ọ̀sì nawọ́ sí fèrèsé. Ẹlẹ́rìn-ín ti fo ògiri, ó ti kó sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan. Àwọn ọlọ́pàá kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Ọṣẹ bo ojú rẹ̀, wọn ò dá a mọ̀. Ó jáde láìní irùngbọ̀n, ó kọrí sí ibùdókọ̀.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí aránṣọ, tí àwọn ọlọ́pàá ti fi ṣọ́ ibẹ̀, rá ìgbátí ṣòkòtò rẹ̀ mú látẹ̀yìn.

"Irùngbọ̀n lo fá, o ò fá ojú!" Títí di ọjọ́ náà, "ẹ̀yin" ló máa ń pè é.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀gá kò fún un láyè àtimí.

"Ta ló ń fún ọ lọ́mú ewúrẹ́?"

"Alápatà ni, màdáámù. Kò mọ ohun tí mo ń fi í ṣe."

"Ẹran ara àwọn obìnrin dà?"

Ó ń fọwọ́ pa àgbọ̀n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fá.

"Mo ní ó dà!"

"Ẹnìkan lókè òkun fẹ́ rà á. Kò tíì wá kó o."

"Ibo ló wà?"

"Inú fíríìsà."

"Ti kílíníìkì?"

"Ti ilé mi."

"Pẹ̀lú kí ni?"

Ó wolẹ̀. "Ẹja."

Lóòótọ́, abẹ́ ẹja ni wọ́n ti bá a, nínú ọ̀rá wẹ́wẹ́ tí orúkọ wà lára wọn, ẹ̀jẹ̀ ẹja ti dì mọ́ ọn. Ọlọ́pàá kan sá jáde lọ bì. Ìyàwó Ẹlẹ́rìn-ín di ìkòkò ọbẹ̀ mú. "Ẹja yìí ni mo fi ń fún àwọn ọmọ mi jẹ!"

Onímọ̀ náà tan ẹ́síréè sí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ẹran náà. Òrùka àwọn kan mú. Inú àwọn tó ni wọ́n dùn débi pé wọ́n dì mọ́ra. Ti aránṣọ ṣá. Aránṣọ fọwọ́ kan àwòrán náà lójú kọ̀ǹpútà.

"Kò dáa," ó ní, "àmọ́ èmi nìyí. Kì í ṣe ewúrẹ́. Ẹ bá mi pe oníṣẹ́ abẹ."

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Oníṣẹ́ abẹ jáde wá sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin pé jẹjẹrẹ náà kò tíì ràn kúrò nínú ọmú, wọ́n sì ti gé e kúrò pátá. Ẹ̀gbọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn nọ́ọ̀sì fẹ́ gbé e dìde.

"Ẹ fi mí sílẹ̀ ná," ó ní. "Ilẹ̀ yìí tù mí lára."