Ibi Tí Tádé Ti Máa Ń Dúró

“Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ẹ bá ti sọ náà ni.”

Bí Tádé ṣe dá mi lóhùn nìyẹn nínú basement ilé wa ní àdúgbò Cityscape, kò sì gbójú sókè wò mí. Abọ́ noodles wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kàn ń fi fọ́ọ̀kì rò ó kiri ni. Mo ní, “So, kò sí problem?” Ó ní, “No wahala, ẹ̀gbọ́n.” Inú mi dùn. Mo ń súfèé bí mo ṣe ń gun àtẹ̀gùn padà sókè. Tí mo bá rántí súfèé yẹn báyìí, ọ̀rọ̀ ara mi a máa rí mi lára.

Gbémiga ni orúkọ mi. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà, èmi sì ni ìràwọ̀ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní Calgary. Bọ́ọ̀lù yìí kì í ṣe èyí tí a ń gbá nílé o. Ọwọ́ la fi ń gbé e sáré, ó sì ṣe ṣóńṣó lápá méjèèjì. Bí ọwọ́ mi bá ti tẹ̀ ẹ́, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó lé mi bá. Tádé ní tirẹ̀ kéré, ó tún tín-ín-rín. Ọmọ ọdún méjìdínlógún tó wá kàwé láti Ìbàdàn ni, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló sì ní nínú ẹgbẹ́. Bí àwọn alátakò bá fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù lọ sókè réré láti lé wa jìnnà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dá dúró lẹ́yìn pátápátá, kó gbà á, kó sì sáré gbé e padà. Punt returner ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni Tádé máa ń dúró.

Ọdún 2016 ni. Owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, iṣẹ́ sì ti bọ́ lọ́wọ́ bàbá mi lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá nílé iṣẹ́ epo. Epo kan náà ló fa náírà lulẹ̀ ní Nàìjíríà, tí bàbá Tádé ò fi lè san owó ilé ìwé mọ́. Ìrànwọ́ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ń fún àwọn agbábọ́ọ̀lù nìkan ló kù tó ń gbé e ró. Mọ́mì mi ló ní kó máa gbé basement wa lọ́fẹ̀ẹ́. Bí a bá ti parí ìdánrawò, Tádé ló máa ń gbé bag mi mọ́ tirẹ̀ lọ sídìí train. N kò sọ pé kó gbé e, n kò sì sọ pé kó má gbé e.

Lọ́jọ́ Wednesday kan, kóòṣì sọ fún wa pé àwọn tó ń ṣa agbábọ́ọ̀lù fún àwọn ẹgbẹ́ ńlá ń bọ̀ wá wò wá ní Saturday. Ojú mi wọ ibi tí Tádé ti ń dúró. Mo lọ bá kóòṣì, mo ní kó fi mí síbẹ̀, kí àwọn àlejò lè rí mi lójú méjèèjì. Ó rò ó títí. Ó ní bí òun bá fi mí síbẹ̀, àyè Tádé nínú ẹgbẹ́ á bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìrànwọ́ owó ilé ìwé rẹ̀ sì lè bá a lọ, òun ò sì ní ṣe bẹ́ẹ̀ àfi tí Tádé bá gbà. “Go ask him,” ló wí. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá Tádé nínú basement.

Òyìnbó ni kóòṣì. Kò mọ̀ pé àbúrò tó ń jẹ tó ń sùn nílé yín kò lè wojú ẹ̀gbọ́n kó ní òun ò gbà. Tó bá ní “ohun tí ẹ bá ti sọ náà ni”, ọ̀wọ̀ ló fún yín, kò fún yín ní nǹkan mìíràn. Èmi mọ̀. Ilé ni wọ́n ti kọ́ mi. Síbẹ̀, mo padà lọ bá kóòṣì lọ́jọ́ kejì, mo wò ó lójú, mo ní, “He's fine with it.”

Ní ìrọ̀lẹ́ Friday, Tádé gbé bọ́ọ̀lù wá bá mi.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká lọ sí field díẹ̀. Imú bọ́ọ̀lù ni kẹ́ ẹ máa wò. Tí imú ẹ̀ bá dorí kodò, ó máa kọjá ibi tẹ́ ẹ rò. Ẹ má tíì sáré.”

“Tádé, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní bọ́ọ̀lù?”

Ó ki bọ́ọ̀lù náà bọ abíyá. “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n.”

Ní Saturday, snow ń rọ̀ wínníwínní, atẹ́gùn sì ń fẹ́ láti apá òkè. Tádé jókòó láàárín èrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mọ́mì, ó wọ kóòtù. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ kàn mí lọ́wọ́, ó ta dànù, àwọn alátakò bò ó mọ́lẹ̀, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi gba àmì ayò. Kóòṣì bi mí bóyá kí òun fi ẹlòmíràn síbẹ̀. Mo ní rárá. Nígbà tí ìkejì ń bọ̀, mo rí imú rẹ̀ tó dorí kodò, mo sì rántí ohun tí Tádé wí, àmọ́ mo ti sáré síwájú. Bọ́ọ̀lù gba orí mi kọjá. Mo yí padà lé e, mo he é, àwọn mẹ́ta sì dé bá mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbọ́ nígbà tí orúnkún mi dún.

Àwọn àlejò náà wo ìdíje títí ó fi parí. Kò sí ẹni tó béèrè mi nínú wọn.

Nígbà tí mo fi máa ti ilé ìwòsàn dé, Tádé ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé ìbátan rẹ̀ kan ní Okotoks, ìlú kékeré kan nítòsí Calgary. Ó ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì dáadáa, ó sì ti gbálẹ̀. Mọ́mì dúró sẹ́nu ọ̀nà basement.

“Gbémiga, ṣé ọmọ yẹn gbà ni, àbí o mú un gbà?”

“Mo mú un gbà, Mọ́mì.”

Mọ́mì kò pariwo. Ó yínmú bí ẹni tó ṣí ìkòkò ọbẹ̀ tó ti kan.

“O rí mi lára,” ó wí. “Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun náà ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.”

Ní Monday, mo fi ọ̀pá méjì sí abíyá, mo lọ jẹ́wọ́ fún kóòṣì. Ó ní, “You knew?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé fóònù, ó pe Tádé padà, ìrànwọ́ owó ilé ìwé rẹ̀ kò sì bọ́.

Nínú ìdíje tó kẹ́yìn, mo wà lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sókè. Tádé dúró, ó wo imú rẹ̀, ó fi ẹ̀sọ̀ sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ó gbà á, ó sì sáré gbé e kọjá ìdajì pápá. Ariwo ta. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ó wá dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ níwájú mi.

“Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀gbọ́n.”

Kò yọ “ẹ̀gbọ́n” kúrò. Ó dùn mí ju orúnkún mi lọ, torí mo mọ̀ pé n kò yẹ ní ẹni tí à ń pè bẹ́ẹ̀. Ó gbé bag tirẹ̀, ó lọ bá ọkọ̀ tó ń dúró dè é. Kò bojú wo bag tèmi.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ẹ ń ka ìtàn yìí, bí ẹ bá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀ pé kò lè kọ̀ fún yín, ẹ kò tọrọ, ẹ jalè ni. Ọ̀wọ̀ tí àwọn àbúrò ń fún wa, torí kí a lè dáàbò bò wọ́n ni.

Mo gbé bag mi kọ́ ọrùn, mo fọwọ́ kó ọ̀pá méjèèjì, mo sì dá rìn nínú snow lọ sídìí train.