Eegun Itan Òwìwí

Lórí ìkúnlẹ̀ ni géńdé kan wà nígbà tí ayàwòrán kọ́kọ́ rí i: ó ki orí bọ abẹ́ tábìlì, ó ń wá eegun ehoro tó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbẹ́sẹ̀. Ẹ̀bá bàtà yín ló wà."

Ayàwòrán bú sẹ́rìn-ín.

Ilé tí wọ́n ń kó eegun ẹranko pamọ́ sí ni. Bàbá ayàwòrán ni ọ̀gá ibẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin yìí ló ń ya eegun sínú ìwé. Géńdé yìí, ehoro ló wá ṣèwádìí. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ayàwòrán ti ń pè é ní "Ọ̀gbẹ́ni Ehoro", ìyẹn náà ń pè é ní "Adúmáadán mi".

Wàhálà dé lọ́jọ́ tí géńdé náà mú eegun òwìwí ńlá jáde láti fi í wé ti ehoro. Irú òwìwí bẹ́ẹ̀ ti run láyé pátápátá. Àfọ́kù eegun itan yìí ni bàbá fi sọ pé òwìwí náà gbé ilẹ̀ yìí rí, òun ló sì sọ bàbá di ẹni ńlá. Géńdé náà wọn eegun náà, ó tún un wọ̀n. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Adúmáadán, ehoro nìyí."

"Bàbá mi lò ń pè lópùrọ́ yẹn?"

"Rárá o. Wọ́n ṣì í mú ni."

Nígbà tí bàbá gbọ́, ó pe géńdé náà sí ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn. "Mo mọ̀ pé o fẹ́ ọmọ mi. Panu mọ́, wàá fẹ́ ẹ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó ẹrù ẹ."

"Mo fẹ́ ẹ ju bí mo ṣe lè sọ lọ, sà. Ṣùgbọ́n ehoro ni." Géńdé náà sì kó ẹrù rẹ̀.

Inú bí ayàwòrán sí àwọn méjèèjì. Ó jókòó ti eegun náà, ó ń rọra ha amọ̀ tó ti gan mọ́ ọn lára. Kókó kékeré kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, irú èyí tó máa ń wà lára itan ehoro, tí kì í sí lára ti ẹyẹ. Ayàwòrán fa ìwé rẹ̀ jáde. Ó yà á bó ṣe rí gan-an, ó gbé e síwájú bàbá.

Lọ́jọ́ kẹjọ, bàbá wọlé tòun ti lẹ́tà.

"Mo ti kọ ọ́ sí àwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi pé mo ṣàṣìṣe. Níbo ni ọkọ ẹ ń gbé?"

"Ọkọ mi kẹ̀?"

"Mo fi ẹ́ lọ̀ ọ́, kò tìtorí ẹ̀ purọ́. Ta ni kí n tún máa wá kiri?"

Ayàwòrán nìkan ló gun àtẹ̀gùn ilé géńdé náà lọ kanlẹ̀kùn. Géńdé náà ṣí i, ayàwòrán sì bi í pé:

"Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n ń dúró dè wá nísàlẹ̀. Èmi ni kó o dá lóhùn ná."

Géńdé náà ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, títí tí ayàwòrán fi fọwọ́ méjèèjì dì í mú.