Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Fi Ìyà Ẹlòmíràn Gba Ògo

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 2023, wọ́n fa Gbọ́ládé yọ kúrò lórí ìlà níwájú ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ike ní Sàngó. Ibẹ̀ ni àwọn tí wọ́n ń gbà síṣẹ́ lójoojúmọ́ ti máa ń dúró láàárọ̀ kí wọ́n tó ṣà wọ́n wọlé.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì na fóònù sí i lójú. "Ọ̀gá oníròyìn, ẹ káàárọ̀ o! Ẹ máa lọ bá àwọn òyìnbó tí ẹ rojọ́ wa fún."

Àwòrán Gbọ́ládé ló wà níbẹ̀, àti orúkọ rẹ̀. Dúrótoyè ló fi wọ́n síbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni Dúrótoyè. Òun àti Gbọ́ládé jọ ń gbé ilé kan náà ní Ilo-Awela. Ó kọ àròkọ fún ìdíje kan tí àwọn òyìnbó ṣètò lórí àṣà, àìdọ́gba, àti bí gbogbo wa ṣe jẹ́ ọmọ ayé kan náà. Gbọ́ládé ló sọ fún un pé wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn látìta títí iṣẹ́ á fi parí.

"Àbúrò mi, má dárúkọ mi o. Ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, bọ̀ọ̀dá mi. Èmi kì í ṣe ọmọdé."

Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣètò ìdíje ní àròkọ tí èèyàn gidi bá wà nínú rẹ̀ ló máa ń wọni lọ́kàn. Dúrótoyè fi orúkọ àti àwòrán Gbọ́ládé sí i. Ó gba ipò kìn-ín-ní, wọ́n sì gbé àròkọ náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó dúró níwájú èrò, ó sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ mẹ̀kúnnù, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un títí. Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì déédéé. Ó rò pé olódodo lòun.

Gbọ́ládé kò bá a jà. Ó wá iṣẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin àlòkù, nítorí wọn kì í béèrè ibi téèyàn ti ń bọ̀ níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, irin yíyọ́ dà sí i lára. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò ní ọsibítù kó tó kú.

Ìròyìn náà dé etí Dúrótoyè. Ó sọ fún Johnson, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kàwé, pé: "Àwọn ilé iṣẹ́ yẹn ló pa á. Bí ayé ṣe rí ló pa á."

"Ọ̀mọ̀wé!" ni Johnson wí. "O ti dá gbogbo ayé lẹ́bi, ó ku ẹnì kan. Ta ló ṣèlérí fún un?"

Dúrótoyè fẹ́ dìde, Johnson fà á jókòó.

"O mọ ẹ̀ṣẹ̀ ìjọba, o mọ ẹ̀ṣẹ̀ òyìnbó. Tìrẹ tí Jésù tìtorí rẹ̀ kú ńkọ́?"

Ìgbà náà ló kúnlẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ mẹ̀kúnnù lọ́tẹ̀ yìí. "Olúwa, èmi ni. Mo tà á nítorí ìyìn." Ọlọ́run dárí jì í nítorí ẹ̀jẹ̀ Jésù.

Ó lọ bá ìyàwó Gbọ́ládé ní Ìwó, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sọ gbogbo rẹ̀. Obìnrin náà kò gbójú sókè kúrò lára ẹ̀wà tó ń ṣà. "Mo ti gbọ́," ló wí. "Dìde."

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, bóyá o mọ gbogbo ohun tó wọ́ láyé, o sì mọ bí a ti ń sọ ọ́. Ọlọ́run kò ní bi ọ́ ní ti ayé. Ta lo tà? Jẹ́wọ́ fún Kristi lónìí, kó o sì tètè lọ bá onítọ̀hún nígbà tó ṣì lè gbọ́ ọ.

Dúrótoyè rí ìdáríjì. Gbọ́ládé kò padà wá. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, ó sì fi ọmọ méjì sílẹ̀.